Dùùrù Bàbá Láti Alápòtì

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

A gbé Bàbá kúrò ní ọsibítù lónìí. A ò lè gbé wọn padà sí ilé wa ní Ilo-Awéla, torí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, egungun ìbàdí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irin tò kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ̀ Ṣadé àbúrò mi ní Alápòtì la gbé wọn lọ. Ọ̀nà yẹn burú débi pé mò ń bẹ gbogbo kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. Bàbá ò kérora. Ìgbà tí a tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tán ni wọ́n tó lanu.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò tẹ dùùrù ní Sọ́ńdè?"

Mo ní Bọ̀wálé ni. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bọ̀wálé mọ orin kọ, òun ló sì ń kó ẹgbẹ́ akọrin jọ láti ìgbà tí Bàbá ti ṣubú, ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti dùùrù, àfi bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ sínú iyanrìn.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ṣadé pè mí níbi iṣẹ́. Bàbá tún dá ẹ̀kọ padà. Ó ní wọ́n ń fi ìka tẹ etí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò mọ̀ pé òun ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

Àìkú, 22

Mo lọ sí Alápòtì lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ti rù. Ọrùn wọn ti kéré nínú ẹ̀wù. Wọ́n ní kí n ròyìn bí àwọn akọrin ṣe ṣe, mo sì parọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ìkórè.

Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn nínú Oṣù Kọkànlá ni ìkórè wa. Bàbá ti kọ orin tuntun sílẹ̀ fún un kí wọ́n tó ṣubú, àwọn akọrin sì ti mọ ìlàjì rẹ̀. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn títí ọdún yóò fi parí. Mo rò pé Bàbá á bá a jà. Wọn ò jà. Wọ́n kàn ní, "Kò burú. Ẹ máa kọ ọ́ níbi ìsìnkú mi."

Inú bí mi gan-an. Mo sọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ṣadé sìn mí dé ojú títì. "Àǹtí mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá ti ń palẹ̀ mọ́." Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Nínú ọkọ̀ kórópé ni mo ti sunkún, títí a fi dé Ṣàngó. Obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní gèlè ẹ̀ kí n fi nu ojú, kò sì béèrè nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 28

A gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù. Ṣadé gbé dùùrù kékeré tí mo rà fún Bàbá sórí itan wọn, ó gbé fóònù tì í; Bọ̀wálé gbé fóònù tirẹ̀ sẹ́nu maikirofóònù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi wà láàárín àwọn akọrin.

Ó burú. Ohùn dùùrù ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn akọrin ń dúró de Bàbá, Bàbá náà ń dúró de àwọn akọrin, orin wá ń falẹ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè, títí gbogbo ẹ̀ fi dúró pátápátá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Bàbá pa dùùrù dé.

Bọ̀wálé ní, "Àǹtí, tí Bàbá ò bá tẹ́tí sí wa, tí wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ńkọ́?" Mo sọ ọ́ fún Bàbá lórí fóònù. Wọ́n ní ẹni tó ń tẹ dùùrù láìgbọ́ akọrin, irin ló ń lù.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Ó sọ sí mi lọ́kàn lánàá nígbà tí mò ń fọ aṣọ. Ilé iṣẹ́ wa ní òpó gíga kan nínú ọgbà ní Ṣàngó níbí, ó ní òmíràn ní ilé ìkẹ́rùsí wa ní Alápòtì. Ilé Ṣadé ò jìnnà sí ilé ìkẹ́rùsí yẹn. Láti òpó dé òpó, ohùn ò níí pẹ́ lójú ọ̀nà bó ṣe ń pẹ́ lórí fóònù. Èmi náà ni mò ń bójú tó àwọn ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀nà àwọn kọ̀ǹpútà, tó wà lórí ẹ̀. Bí ẹni tó ń wá ìgbálẹ̀ kiri tó sì há a mọ́ abíyá ni mo rí.

Mo wọlé tọ Alhaji Rauf, máńgẹ́jà wa, lọ. Mo ti múra àlàyé gígùn. Wọ́n dá mi dúró lójú kan.

"Bàbá tó máa ń jágbe ní Sátidé pé 'Ẹ mí! Ẹ mí!', bàbá ẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín ni ilé mi. Èmi náà máa ń mí nígbà míì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Látìgbà tí wọ́n ti ṣubú, Sátidé mi ò níyọ̀ mọ́. Lo òpó náà. Àmọ́ gbọ́ o, Ẹnjiníà: tí iṣẹ́ mi bá dúró nítorí orin, ìwọ lo máa lọ kọ́ àwọn dírẹ́bà lórin lẹ́nu géètì."

Ọlọ́run á bù sí i fún wọn.

Àìkú, 6

Àpótí ohùn méjì ni mo rí rà, tòkunbọ̀. Ọ̀kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù Bàbá, ìkejì máa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa gbé ohùn fún ara wọn. Mo gbé rédíò kékeré kan, irú tó ń gba afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí òpó, sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjú ẹ̀ sí òpó Ṣàngó. Mo gbé òmíràn sórí ilé Ṣadé, mo kọjú ẹ̀ sí òpó Alápòtì. Oòrùn sun mí lọ́rùn. Ohun gbogbo tan iná.

Àwọn àpótí méjèèjì ò rí ara wọn.

Ṣadé ní ṣé ọ̀nà ò dé ni. Ọ̀nà dé. Ìwà àpótí wọ̀nyí ló rí bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá jí, wọn á ké nínú agbo ilé pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Ẹni tó bá wà nínú agbo ilé kan náà nìkan ló lè dáhùn. Ráútà sì ni maígádì. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó ń wá kọjá, ṣùgbọ́n igbe lásán, kì í jẹ́ kó jáde ní géètì.

Ṣadé ní, "Ẹ wó ògiri náà, kó di agbo ilé kan."

Ohun tí wọ́n ń pè ní bíríìjì gan-an nìyẹn. Mo fẹnu kò ó lórí. Ó ní tí mo bá fẹ́ràn ọkùnrin bí mo ṣe fẹ́ràn ráútà ni, òun ì bá ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó mi tipẹ́.

Ìṣẹ́gun, 8

Òjò láti àárọ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan. Epo bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí, owó kórópé sì tẹ̀lé e.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ògiri ti wó. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé òpó Ṣàngó, dé òpó Alápòtì, dé yàrá Bàbá, agbo ilé kan ni. Àwọn àpótí rí ara wọn, mo fò sókè níbi iṣẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Ayọ̀ mi ò pẹ́. Ohùn ń já, kátakàta bí ẹni ń ta agbádo lójú iná. Tí mo bá fi nǹkan kékeré ránṣẹ́, á dé wẹ́rẹ́. Tó bá di ohùn, wàhálà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i: gbogbo ẹrù tó ń gba orí bíríìjì ni mo fi aṣọ mìíràn wé lórí aṣọ tó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá sanra ju ẹnu ọ̀nà lọ. Wọ́n ń gé e sí méjì kó tó lè kọjá. Mo fẹ ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀ lórí ráútà kọ̀ọ̀kan. Ohùn dákẹ́ jíjá.

Ohun kan tún wà. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú àwọn àpótí tí a ń ki wáyà bọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wò ó pé ọ̀nà ò yípo padà sínú ara ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú, ẹ̀ṣọ́ yìí á di ọ̀nà, á yẹ gbogbo ẹ̀ wò kó tó ṣí i. Ẹsẹ orin kan á ti kọjá. Mo pa á. Wáyà ò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló fẹ́ yípo?

Àbámẹ́ta, 12

Mo wà lọ́dọ̀ Bàbá. Bọ̀wálé àti àwọn akọrin wà ní Ilo-Awéla. Mo tan sípíkà, a kọ́kọ́ gbọ́ àga tí wọ́n ń wọ́, lẹ́yìn náà ikọ́ ẹnì kan. Bàbá gbé orí sókè. "Ìyá Akíndé nìyẹn. Ikọ́ yẹn ò tíì lọ?"

Wọ́n tẹ ohùn àkọ́kọ́. Àwọn akọrin gbà á lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́. Kò falẹ̀. Mo wo ojú bàbá mi, mi ò lè kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá tan iná sínú ilé tí ẹ ti rò pé kò séèyàn ńbẹ̀.

Ní ìlà kẹta, Bàbá dáwọ́ dúró. "Áltò! Ta ló ní kí ẹ mí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí, kí ẹ tó mí!" Èjìká wọn máa ń lọ sókè tí wọ́n bá fẹ́ kí akọrin mí, wọ́n gbé e sókè nínú yàrá yẹn, ní Alápòtì, bí ẹni pé àwọn èèyàn náà ń wò wọ́n. Láti Ilo-Awéla, gbogbo ẹgbẹ́ áltò ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹ̀rín sọ níbẹ̀, àwọn kan ń sunkún.

Bàbá jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí Ṣadé fi mọ́ínmọ́ín sí i.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ọjọ́ burúkú.

Mi ò tíì jókòó tí gbogbo nǹkan fi kú níbi iṣẹ́. Ìwé ẹrù ò jáde. Kọ̀ǹpútà ò rí ara wọn. Tírélà tò láti ẹnu géètì wa dé ojú títì, àwọn dírẹ́bà ń fọn fèrè, èdè Píjìn ń fò lókè. "Madam, na today we go load?" Ilé ìkẹ́rùsí Alápòtì pè pé àwọn náà ti kú. Iná orí gbogbo àpótí ń ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé wọ́n ní ibà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo yọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ohun gbogbo dákẹ́, ara wọ́n balẹ̀. Inú mi bàjẹ́.

Mo gun ọ̀kadà dé Ilo-Awéla. Ìyá Tẹjúmọ́lá ni mo bá níbẹ̀, àwọn ló máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní, wọ́n ti nu àga, wọ́n ti ká gbogbo wáyà dáadáa. Wáyà kan wà tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ bóyá a ó tún nílò ẹ̀, orí ẹ̀ kan wà nínú ihò àpótí wáyà, èkejì ń ṣe dirodiro. Èkejì ò ṣe dirodiro mọ́. Ó ti wà nínú ihò tó tẹ̀lé e nínú àpótí kan náà.

"Ìyá, ta ló ki wáyà yìí bọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Mo rí i tí ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Mo ní kí eruku má baà wọ̀ ọ́, torí dùùrù Bàbá. Mo wá ihò tó bá a mu, ó sì bá a mu." Wọ́n wo ojú mi. "Ṣé kò dáa ni?"

Tí ọ̀nà bá ti yípo bẹ́ẹ̀, igbe kan ṣoṣo á máa yípo, á máa bímọ, àwọn ọmọ ẹ̀ náà á máa bímọ, títí kò fi ní sí ààyè fún ọ̀rọ̀ gidi mọ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé èmi ni mo sọ gbogbo wa di agbo ilé kan, ariwo ṣọ́ọ̀ṣì di ariwo gbogbo ilé. Ẹ̀ṣọ́ tí ì bá mú un, mo ti ní kó lọ sùn.

Mo ní, "Ó dáa, Ìyá. Èmi ni mi ò ṣe é tán."

Ìṣẹ́gun, 15

Alhaji Rauf ò pariwo. Ì bá yá mi lára kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Yọ ọ́." Mo yọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 19

Kò sí ìdánrawò pẹ̀lú Bàbá. Mo lọ ṣàlàyé fún wọn fúnra mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní máńgẹ́jà mi jàre, iṣẹ́ ló ń bọ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní kí Ṣadé gbé dùùrù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wúwo. Kò wúwo.

Ọjọ́ Ajé, 21

Mo padà lọ bá Alhaji. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo ya àwòrán sórí ìwé: ọ̀nà kan, mo fi pákó pín in sí méjì, ti ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀. Mo sọ fún wọn pé pákó nìkan ò tó, torí òpó kan náà ni gbogbo wa ń lò, ariwo tó bá pọ̀ jù á gba orí pákó. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà lójúfò.

"Kí ló dé tí kò fi wà lójúfò tẹ́lẹ̀?"

Mo sọ òtítọ́. Mo ní mo pa á torí ó máa ń lọ́ra tí iná bá ṣẹ́jú.

"Ìyàwó mi bi mí lánàá pé, kí ló dé tí àwọn akọrin tún dákẹ́. Kí n wí kí ni?" Wọ́n ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ̀ṣọ́ ò gbọdọ̀ sùn mọ́, Ẹnjiníà. Kódà lọ́jọ́ ìkórè yín. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 24

Ọ̀nà ohùn ti padà. Pákó dúró, ẹ̀ṣọ́ dúró. Èmi fúnra mi ki wáyà tó ń yípo bọ àpótí ṣọ́ọ̀ṣì láti dán an wò, ẹ̀ṣọ́ sì pa ihò náà dé kíá, kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Ìyá Tẹjúmọ́lá jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan wáyà mọ́ láéláé, kódà kí ejò wé mọ́ ọn.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Ìdánrawò dára, àfi ìgbà tí iná yí lọ sí jẹnẹrétọ̀ ní Ṣàngó. Ohùn já, ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀, èmi àti Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan ní Alápòtì, àwọn akọrin sì ṣìnà. Nígbà tí ohùn padà, Bọ̀wálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Bàbá gé e lóhùn pé, "Èmi wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ dúró? Ṣé mo ní kí ẹ dúró?"

Lẹ́yìn náà Bàbá ní kí àwọn akọrin tún un kọ, ẹsẹ kejì, láìsí dùùrù. Bàbá ń fetí sí wọn, wọ́n ń gbé èjìká sókè. Àwọn akọrin tún un, wọ́n tún un, títí Ìyá Akíndé fi ní ebi ń pa àwọn.

Ọjọ́rú, 6

Mo ra bátìrì ínfátà fún òpó Ṣàngó láti inú owó ara mi, ṣùgbọ́n ó ti gbó, kì í gbé iná dúró rárá. Tuntun ò ṣe é sún mọ́, a kì í béèrè owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, 16

Orin ti mọ́ra. Ó ti mọ́ra débi pé ẹ̀rù ń bà mí.

Bọ̀wálé sìn mí jáde lẹ́yìn ìdánrawò. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pa ẹ̀ṣọ́ yẹn fún ọjọ́ ìkórè nìkan. Tí iná bá ṣẹ́jú, a ò ní mọ̀. Ta ló máa sọ fún Alhaji? Ìyá Tẹjúmọ́lá kọ́ ló máa gbálẹ̀ lójú ìsìn."

Òun náà fẹ́ràn Bàbá, mo mọ̀.

Ẹtì, 22

Mo ṣí ráútà lórí kọ̀ǹpútà mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìlà àṣẹ kan péré ló máa pa ẹ̀ṣọ́. Mo kọ ọ́, mo wò ó. Alhaji ń kọjá lọ kírun, wọ́n yọjú sí ọ́fíìsì mi, wọ́n ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé a ó ṣí fèrèsé lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Mo pa ìlà náà rẹ́.

Àìkú, 24. Ìkórè

Mo fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún Bọ̀wálé, mo wá jókòó ti Bàbá. Ṣadé ti wọ aṣọ akọrin fún wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní kó fá irùngbọ̀n wọn. Mo ní ta ló fẹ́ rí yín níbí? Wọ́n ní, "Ẹni tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún."

Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kún yàrá. Ariwo ọmọdé, adìyẹ tí ẹnì kan mú wá fún ọrẹ, àwọn ìyá tí wọ́n ń kí ara wọn. Àwọn orin ìṣáájú lọ geere. Lẹ́yìn ìwàásù ni wọ́n pe orin tuntun.

Ẹsẹ kìíní dùn. "Ilẹ̀ mu òjò, ilẹ̀ ò gbàgbé." Bàbá dijú. Ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dé ìlà kejì, iná orí àpótí bá di pupa.

Ohùn lọ. Gbogbo ẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀ṣì, akọrin, adìyẹ, bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Iná ti yí ní Ṣàngó. Ẹ̀ṣọ́ ti di ọ̀nà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ìlà àṣẹ kan péré ni ì bá gbà. Mo mọ ẹni tí mo ṣèlérí fún. Mo yíjú sí Bàbá kí n lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú.

Wọn ò lajú. Ọwọ́ wọn ò dúró.

Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nínú yàrá yẹn, kò sí nǹkan mìíràn, àfi dùùrù àti ewúrẹ́ tó ń ké ní ìta. Ní ìparí ìlà, èjìká wọn lọ sókè, wọ́n dúró fún èémí àwọn tí a ò gbọ́, èjìká wálẹ̀, wọ́n tún tẹ̀síwájú. Ṣadé di etí aṣọ mi mú. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìlà kẹta. Èjìká. Ìlà kẹrin. Mo ń wo iná pupa yẹn, mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ó di àwọ̀ ewé. Àwọn akọrin sì wọlé wá, láàárín ọ̀rọ̀, "...gbàgbé", gbogbo wọn, àti dùùrù bàbá mi, lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí irun orí tó lè kọjá láàárín wọn. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ṣadé ń lu mí lẹ́yìn kí n dákẹ́, kí maikirofóònù má baà gbọ́, òun náà ń sunkún.

Bàbá ò lajú títí wọ́n fi ṣe Àmín.

"Bàbá, ó já. Ẹ ò gbọ́ wọn láti ìlà kejì."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ ibi tí wọ́n dé?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó béèrè ìbéèrè tí kò yẹ ọjọ́ orí ẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń mí, Àbẹ̀kẹ́. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?"

Bọ̀wálé pè. Ó ní nígbà tí dùùrù lọ, òun wo ojú akọrin, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dúró. Ìyá Akíndé ló mi orí sí wọn pé Bàbá ò tíì ní ká dúró, wọ́n bá ń kọ ọ́ lọ. Alhaji Rauf náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "A gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Iyọ̀ ti padà."

Bàbá jẹun, wọ́n tún jẹ ti Ṣadé mọ́ ọn. Ìsìn parí, ariwo àwọn èèyàn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú sípíkà, títí ó fi ku ìdákẹ́jẹ́. Mo nawọ́ kí n pa á.

"Má tíì pa á," ni Bàbá wí.

A jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ ìgbálẹ̀. Ilẹ̀ ìkórè kì í dúró de Mọ́ńdè. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin, ó dúró. Ìyá Tẹjúmọ́lá sún mọ́ maikirofóònù débi pé a gbọ́ èémí wọn.

"Bàbá Dùùrù, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọwọ́ kan wáyà kankan o."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Wọ́n na ìka kan, wọ́n tẹ dùùrù, ohùn kan péré, nísàlẹ̀, láti fi dá wọn lóhùn.

Ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.